Owó Gbà-máà-bínú Odò

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wá sí oko wa ní ẹ̀yìn Ìgàngàn. Wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà oko kan lójú, kí ọkọ̀ akẹ́rù lè máa gbà á tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n mú okùn ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n mú ọ̀dà pupa, wọ́n sì mú ìwé ńlá kan tí a fi ìlà pín sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Igi kajú tí ó bá bọ́ sí ojú ọ̀nà, wọn a fi ọ̀dà sàmì sí i lára, wọn a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Igi ọsàn, wọ́n kọ ọ́. Ahéré tí a fi páànù bò, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kọ ọ́. Àní ebè gbágùúdá pàápàá, wọ́n kà á. Nígbà tí wọ́n dé etí odò kékeré tí ó wà ní ìsàlẹ̀ oko, wọ́n ká ṣòkòtò wọn sókè, wọ́n la omi náà kọjá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi ní òdì kejì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ni ó ni akùrọ̀ etí odò náà. Ibẹ̀ ni ó ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọyòkòtò àti ilá ní àkókò tí gbogbo oko yòókù bá ti gbẹ bí awọ ìlù. Ibẹ̀ náà ni òun àti àwọn obìnrin mìíràn ti ń rẹ gbágùúdá fún láfún. Ó jókòó lábẹ́ igi, ó ń wo àwọn tí ń kàwé igi. Nígbà tí ó rí i pé wọ́n ti kọjá odò, ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mú ìwé lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, odò ńkọ́?" Ọmọ náà tẹrí ba, nítorí ọmọ tí a kọ́ ni, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ìwé tí wọ́n fún wa kò ní ibi tí a ó kọ odò sí."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tí ń ka ìtàn ni mí, mo sì mọ̀ pé ìlà inú ìwé ìjọba kì í hù fúnra rẹ̀ bí olú. Ẹnì kan ni ó jókòó ní ibì kan, tí ó pinnu ohun tí a ó kà àti ohun tí a kò ní í kà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi wá bí ó ti ṣẹlẹ̀ tí odò kò fi ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé gbà-máà-bínú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò dé ọ̀dọ̀ wa rí, ìlú méje ni a máa ń kà nígbà tí a bá ní Ìbàràpá: Ìgàngàn, Ẹ̀rúwà, Ayétẹ̀, Tápà, Ìdèrè, Igbó-Ọrà àti Láńlátẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Bí òjò bá dáwọ́ dúró ní ìparí ọdún, oṣù bíi mẹ́rin lè kọjá kí a tó tún rí òjò gidi, nítorí náà àfonífojì kékeré tí kò gbẹ tán kì í ṣe ohun kékeré lójú wa. Ará Èkó tí ó bá rí odò tí mò ń sọ yìí nínú oṣù kejì yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fò ó. Ṣùgbọ́n akùrọ̀ tí ó yí i ká dà bí kànrìnkàn: nígbà òjò, ó ń fa omi mu kí ó má baà ya bo oko, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń tú omi náà sílẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Bí odò náà ti kéré tó, kì í dá rìn. Irú àwọn odò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kún Òfìkì àti Ọ̀pẹ̀kí, Òfìkì àti Ọ̀pẹ̀kí a kún odò Ògùn, odò Ògùn a sì ṣàn gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ sí ọ̀sà Èkó. Inú odò Ògùn ni ilé-iṣẹ́ omi Ìjú àti ti Adíyán ti ń fa omi tí wọ́n ń fún Èkó. Ará Èkó tí ó rẹ́rìn-ín yẹn, ó ṣeé ṣe kí ó ti mu nínú omi Ìyá Àgbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo lòdì sí ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti rí ẹ̀gúsí àti bàrà olómi tí ó jẹrà sínú ọkọ̀ tí ó rì sínú ẹrẹ̀, tàbí tí ó ti rí aboyún lórí ọ̀kadà ní ojú ọ̀nà Ìbàràpá ní oṣù kẹsàn-án, kò ní í sọ̀rọ̀ ọ̀nà ní ìsọkúsọ. Ó pẹ́ tí àwa ti ń sunkún ọ̀nà. Ohun tí mò ń béèrè ni ẹni tí ó ń san owó rẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, ọ̀nà ẹsẹ̀ ni a ní. Ọ̀nà náà tóóró, ó sì ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn baba wa kò mọ bí a ti ń la ọ̀nà tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nígbà òjò yóò rí i pé ilẹ̀ gíga ni ó ń wá kiri, pé ó ń yẹra fún ẹrẹ̀, àti pé ibi tí odò bá ti fẹ̀ tí kò sì jìn ni ó ti ń là á kọjá. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá tẹ́ ìtì igi lé odò, omi a gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. N kò wí pé ẹni mímọ́ ni àwọn baba wa o. Bí wọ́n bá ní katapílà, ta ni ó mọ ohun tí wọn ì bá fi ṣe? Ṣùgbọ́n ọkọ́ àti àdá ni wọ́n ní, ọkọ́ àti àdá kò sì lè kó òkè yangí dí àfonífojì láàárín ọjọ́ kan.

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ní ọdún 1906 ọ̀nà tí ó lọ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ti di èyí tí mọ́tò lè gbà, òun ni a sì máa ń kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń fẹ́ kí ọ̀nà wọ gbogbo ìgbèríko, kí òwú, kòkó àti owó orí lè máa jáde. Àwọn ará ìlú ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn la púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, àwọn olóyè ni a sì ń pàṣẹ fún láti kó wọn jáde. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Òkè-Ihò, tí wọn kò jìnnà sí wa, ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, ọ̀rọ̀ kóòtù tuntun àti ọ̀rọ̀ àwọn olóyè tí ìjọba gbé lé wọn lórí ni ó ṣáájú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀nà tí a ń fi ipá múni ṣe wà lára ohun tí ó ń dun àwọn ènìyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Àtàndá ti kọ ìtàn ìjà náà dáadáa, n kò sì ní í tún un kọ. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé nínú ìṣirò ìgbà náà, agbára ènìyàn pàápàá kò ní ìlà tirẹ̀. Ta ni yóò wá béèrè odò?

Ìtàn tí ó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ràn jù, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1913 ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Àmọ̀dù Tìjání, Olúwa Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tí ó ni ilẹ̀, béèrè owó rẹ̀. Ilé ẹjọ́ níhìn-ín dá a lẹ́jọ́ pé kì í ṣe onílẹ̀ ní kíkún. Wọ́n ní àṣẹ díẹ̀ lórí ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ ni ó ní, kí wọ́n san gbà-máà-bínú ìwọ̀nba ìyẹn fún un. Olúwa kò gbà. Ní ọdún 1920 òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Privy Council. Ní ọdún 1921 Viscount Haldane ka ìdájọ́. Ó kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ kí wọ́n má ṣe máa fi dandan gbé ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ó ní lọ́dọ̀ wa, àwùjọ, abúlé tàbí ẹbí ni ó ni ilẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo, àti pé kí a san owó náà bí ẹni pé olówó ilẹ̀ ní kíkún ni a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tí wọ́n san níkẹyìn jẹ́ £22,500.

Macaulay ti gba ìyìn tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tọ́ sí i. Èmi ń wo ohun mìíràn. Láti ọdún 1921, ìlà kan wà nínú ìwé òfin tí a lè kọ ohun tí gbogbo ẹbí tàbí gbogbo ìlú jọ ni sí, kí a sì díye lé e. Odò kékeré àti akùrọ̀ etí rẹ̀ kò bá má ti rí ibòmíràn wọ̀ ju ibẹ̀ lọ. Bóyá ọgọ́ta ọdún sí i, àwọn agbẹjọ́rò wa ì bá ti gbé e débẹ̀.

A kò fún wọn ní ọgọ́ta ọdún. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà. Abala 29 rẹ̀ ni ó sọ ohun tí a ó san bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju owó ilẹ̀ tí onílẹ̀ san fún ọdún náà lọ, bí ó bá san rárá. Lórí ilé àti ohun tí a kọ́, iye tí a ó fi tún un kọ́, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti ogbó rẹ̀ kúrò. Lórí irè oko, iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá là kalẹ̀. Òfin náà gbà pé a lè san owó fún àwùjọ tàbí fún olórí wọn bí ó bá jẹ́ pé àwùjọ ni ó ni ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí owó lórí ilẹ̀, kí ni wọn yóò san fún wọn? Ilé, igi, ebè: ẹ rí i pé ìwé tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn mú wá sí oko wa kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà nínú abala náà tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, tí mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà gbọ́. Ó ní bí ẹnì kan bá ti na owó láti sọ àbàtà di ilẹ̀ gbígbẹ, kí a san owó náà padà fún un, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti ní ìwé ẹ̀rí ọwọ́. Ẹni tí ó da iyanrìn dí àbàtà pa yóò gba gbà-máà-bínú. Ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ ní akùrọ̀ láti ìran dé ìran kò ní gba kọ́bọ̀ lé e, àfi ti ewébẹ̀ tí wọ́n bá bá lórí ebè lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1978 kan náà ni ìjọba ṣí ọ̀nà ẹsipírẹ́ẹ̀sì tí ó lọ láti Èkó dé Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 127. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà náà lọ sílé mọ afárá tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Long Bridge, ní ìhà Kara, ibi tí ọ̀nà ti ń la pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Ògùn kọjá. Àwọn ẹnjiníà kò da yangí dí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn. Wọ́n gbé ọ̀nà sókè, wọ́n jẹ́ kí omi rìn lábẹ́ rẹ̀. Èyí fi hàn pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Odò tí ó bá ní agbára tí ó lè wó títì, wọn a bẹ̀ ẹ́. Odò tí kò lágbára ni wọ́n ń fi páìpù kan ṣoṣo dá lóhùn.

Ní ọdún 1988 àwọn kan kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí Kókó, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn ni ó jí ìjọba, láti inú rẹ̀ ni a sì ti dé orí òfin ọdún 1992, Àṣẹ Kẹrìndínláàádọ́rùn-ún, tí ó ní kí a kọ́kọ́ yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe fún ilẹ̀, omi àti ènìyàn wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí a sì sọ ọ̀nà tí a ó gbà dín ìpalára kù. Òfin tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkójọ àwọn iṣẹ́ tí ó sọ ní pàtó pé àyẹ̀wò jẹ́ dandan fún: ọ̀nà ẹsipírẹ́ẹ̀sì wà níbẹ̀, gbígbẹ àbàtà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí àbàtà náà bá tó 100 hẹ́kítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hẹ́kítà 100 ju ọgọ́rùn-ún pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ọ̀nà oko Ìgàngàn kì í ṣe ẹsipírẹ́ẹ̀sì, àbàtà wa kò sì tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta. Irú tiwa pọ̀ ní Ìbàràpá, bí a bá sì ba ọgọ́rùn-ún wọn jẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí yóò bọ́ sínú àkójọ yẹn.

Ní ọdún kejì ni òfin omi tún jáde, ti ọdún 1993, tí ó fi omi odò tí ó kan ìpínlẹ̀ tí ó ju ọ̀kan lọ sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀. Odò Ògùn gba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó kọjá, nítorí náà omi wa ní olówó ní Àbújá. Ó ní olówó, kò sì ní ìlà nínú ìwé.

Ẹlòmíràn lè ní kí ni ìbànújẹ́ kékeré yìí já mọ́, nígbà tí ìlú ń jìyà àìlọ́nà. Ará Ìbàràpá kò yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí a mọ ohun tí omi tí kò rìn lè ṣe. Àwọn àgbà ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe ni à ń ké sí. Ní Ìdèrè, sòbìà kì í ṣe òwe. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Igbó-Ọrà ní ọdún 1963, láti ibẹ̀ sì ni àwọn olùwádìí ti ń lọ sí Ìdèrè ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, tí wọ́n ń wo bí àrùn náà ti ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní àkókò iṣẹ́ oko gan-an, tí ń dá ọmọ dúró nílé ẹ̀kọ́, tí kì í sì í jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ lè rìn lọ sí ọjà. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ni ó ń gbé ọmọ sòbìà, inú omi tí ó dúró sójú kan ni kòkòrò náà sì ń gbé. Ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ a wọ inú omi náà, ẹlòmíràn a bù ú mu, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan aràn a yọ lára tirẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn láti máa fi aṣọ nàílọ́nù sẹ́ omi. Nígbà tí a ka àwọn tí ó ní àrùn náà jákèjádò Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fún wa ní ìwé pé a ti bọ́.

N kò sọ pé ọ̀nà ni ó fa sòbìà Ìdèrè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí páìpù kékeré bá dí odò lẹ́nu, tí kòtò tí katapílà ti wa yangí bá sì di ìkùdu ní ẹ̀bá títì, a ti sọ omi tí ń rìn di omi tí ó dúró. Sòbìà ti lọ. Ẹ̀fọn kò lọ.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí i ní títóbi, ẹ wo ìpínlẹ̀ Bayelsa, ní ibi tí a ti la ọ̀nà wọ ilẹ̀ epo Gbaran ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n mọ ọ̀nà náà bí ògiri la àárín igbó àbàtà kọjá. Ní ìhà kan omi kò rí ibi jáde, ó rì gbòǹgbò igi. Ní ìhà kejì omi kò rí ibi wọlé, ilẹ̀ gbẹ. Igi tí àwọn ènìyàn fi ń jẹun kú ní ìdúró. Bí ó ti rí ní Ìgàngàn náà nìyẹn, àfi pé tiwa kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò wá ya àwòrán rẹ̀.

Ibì kan wà tí wọ́n ti gbìyànjú láti fún odò ní ìlà. Láti àwọn ọdún 1780 dé àwọn ọdún 1980, àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbẹ tàbí dí ohun tí ó lé ní ìdajì àbàtà tí ó wà ní ìpínlẹ̀ 48 tí ó so pọ̀ mọ́ra. Ní ọdún 1972 òfin omi wọn sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ilẹ̀ sínú irú omi bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà ọmọ-ogun. Ní ọdún 1989 ìjọba George H. W. Bush mú un bí ìlànà pé kí àròpọ̀ àbàtà orílẹ̀-èdè náà má ṣe dín kù mọ́. Ní ọdún 1990 wọ́n to ìgbésẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibòmíràn tí ọ̀nà lè gbà. Bí kò bá sí, kí ó dín ìpalára kù. Èyí tí kò bá ṣeé yẹ̀ ni yóò wá fi omi san. Bí ó bá ba àbàtà jẹ́ níhìn-ín, yóò tún òmíràn ṣe, tàbí kí ó ra ìpín nínú èyí tí ẹlòmíràn ti tún ṣe sílẹ̀. Báńkì ni wọ́n ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀lọ́ àti koríko ni ó wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ràn ìlànà yìí, ṣùgbọ́n n kò ní í fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Ní ọdún 2001 ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wọn yẹ iṣẹ́ náà wò, wọ́n sì rí i pé àdéhùn kò tíì ṣẹ: àwọn kan kò tún nǹkan kan ṣe rárá, àwọn mìíràn gbẹ́ adágún lásán, wọ́n pè é ní àbàtà, kò sì sí ẹni tí ó padà lọ wò ó. Òfin ọdún 2008 ni ó wá sọ pé, ó kéré tán, ọdún márùn-ún ni a ó fi máa ṣọ́ ohun tí a tún ṣe, kí owó ìdúró sì wà nílẹ̀ bí ó bá kùnà. Ní ọdún 2023 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn sì tún mú kí òfin náà máà kan púpọ̀ nínú àwọn àbàtà wọn mọ́. Ìbéèrè mìíràn tún wà tí ó kan wa ju ti gbogbo ìyẹn lọ: bí akùrọ̀ bá run ní Ìgàngàn, kí ni ó kan Ìyá Àgbà bí wọ́n bá tún òmíràn ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́? Lójú mi, ibi odò kan náà ni kí a ti san gbèsè odò, kí àwọn tí wọ́n ń bu omi rẹ̀ sì rí i.

Èyí kò ní kí a ní owó Amẹ́ríkà. Páìpù tí a rì sísàlẹ̀ ju ilẹ̀ odò lọ díẹ̀, tí ó sì fẹ̀ tó odò nígbà òjò, kò wọ́n ju èyí tí omi yóò wó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ. Kòtò yangí ṣeé dí padà, tàbí kí a gé etí rẹ̀ kí ẹran lè mu níbẹ̀ láìrì. Ọparun àti igi ògùrọ̀ ṣeé gbìn padà sí etí omi, àwọn obìnrin tí akùrọ̀ wọn lọ sì ni ó yẹ kí a gbà sí iṣẹ́ náà, kí a sanwó fún wọn fún ọdún márùn-ún tí wọn yóò fi máa ṣọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ ni a lè kọ sínú ìwé wọnlẹ̀wọnlẹ̀ bí ìlà kan bá wà fún un.

Ọ̀nà oko wa dé. Ó dára, mọ́tò ń gbà á. Wọ́n san owó igi kajú mẹ́ta fún Ìyá Àgbà, ó sì fi kún owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ní ibi odò, páìpù kọnkéré kan ni wọ́n fi síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ga ju ilẹ̀ odò lọ ní nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan. Lókè títì, omi dúró, ojúoró bò ó, àwọn obìnrin kò sì rẹ gbágùúdá níbẹ̀ mọ́ nítorí òórùn. Nísàlẹ̀ títì, ní oṣù kìn-ín-ní, ilẹ̀ akùrọ̀ là. Tẹ̀tẹ̀ tí ó gbìn ní ọdún náà kò ga ju ìka lọ.

Ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́, mo kà á fún un, ó ní n kò sọ̀rọ̀ láfún tó, mo sì tún un kọ. A kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni tó wá. Níkẹyìn ẹnjiníà kan wá pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ kan. Ó wo páìpù náà títí, ó mi orí, ó sì béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà pé báwo ni odò yìí ṣe máa ń ga tó nígbà òjò kí wọ́n tó ṣe ọ̀nà. Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ títì, ó dúró ní ibi tí odò ń gbà tẹ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lé ìbàdí rẹ̀. Ọkùnrin náà wá inú ìwé rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yí i padà, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn.